Ìrora Gìgísẹ̀ Àárọ̀: Èwo Nínú Ìtọ́jú Wọ̀nyí Ló Yẹ Ẹsẹ̀ Yín?

Ẹni tó bá jí láàárọ̀, tó gbé ẹsẹ̀ lé ilẹ̀, tí gìgísẹ̀ wá ta á bí ẹni tó tẹ ìṣó, tí ìrora náà rọlẹ̀ lẹ́yìn tó ti rìn díẹ̀ nínú ilé, àmọ́ tó tún padà dé nígbà tó dìde lẹ́yìn ìjókòó gígùn nínú mọ́tò tàbí ní ṣọ́ọ̀ṣì, ó ṣeé ṣe kó jẹ́ ọ̀já iṣan abẹ́ ẹsẹ̀ ló ń yọ ọ́ lẹ́nu. Àwọn dókítà ń pè é ní plantar fasciitis. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló ti lo oògùn làkúrègbé títí kí ẹnì kan tó sọ fún wọn pé kì í ṣe oríkèé ló ń dùn wọ́n.

Ohun tí wọ́n ń tà fún un kò lóǹkà: ìpara, abẹ́rẹ́, rọ́bà inú bàtà, bàtà tí wọ́n ní ti ìṣègùn ni, ẹ̀rọ tó ń lu gìgísẹ̀, àgbo. Ọ̀nà méjì ni gbogbo wọn pín sí. Àwọn kan ń mú kí ìrora dákẹ́. Àwọn kan ń mú kí ọ̀já náà lè ru ara tó ń gbé. Àwọn tó ń mú ìrora dákẹ́ ló sábà máa ń gbówó lórí jù, bẹ́ẹ̀ àwọn kejì yẹn ló ń jẹ́ kí ara le pẹ́. Ojú yìí la fi máa wò wọ́n.

## Ohun tó bàjẹ́ gan-an

Ọ̀já funfun tó nípọn kan wà lábẹ́ awọ ẹsẹ̀. Ó so mọ́ egungun gìgísẹ̀ lápá inú, ó sì tẹ́ lọ síwájú títí ó fi pín sí ìdí ọmọ ìka ẹsẹ̀ márààrún. Òun ló di ibi tó rì ní àtẹ́lẹsẹ̀ mú kó má bàa tẹ́ pẹrẹsẹ. Nígbà tí a bá fẹ́ gbé ẹsẹ̀ kúrò nílẹ̀, tí àtàǹpàkò ṣẹ́ sókè, ọ̀já náà á wé mọ́ orí egungun ìdí àtàǹpàkò, á le, á fa gìgísẹ̀ sún mọ́ ìka, ẹsẹ̀ á sì le tó láti ti ara síwájú. J. H. Hicks ló ṣàlàyé ètò yìí ní 1954. Orí rẹ̀ ni ìdánwò ilé àti eré ìdárayá tí ẹ ó kà nísàlẹ̀ dúró lé.

Tí a bá sùn lóru, ẹsẹ̀ máa ń nà sísàlẹ̀, ọ̀já yìí àti ẹran ẹ̀yìn ojúgun á sì sún kì. Ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ láàárọ̀ ló ń na wọ́n lójijì. Ìdí nìyẹn tí ti àárọ̀ fi máa ń le jù.

Ohun méjì làwọn èèyàn máa ń ṣì mú. Èkíní, wọ́n gbà pé inú gìgísẹ̀ wú, pé oògùn tó ń mú wíwú rọlẹ̀ ni yóò wò ó. Ní 2003, Harvey Lemont àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà yẹ ẹran tí wọ́n gé lára gìgísẹ̀ àwọn aláìsàn 50 tí wọ́n ṣiṣẹ́ abẹ fún wò. Wọn ò rí àmì wíwú níbẹ̀. Fọ́nrán tó ti gbó, tó ti já wẹ́lẹ́wẹ́lẹ́ ni wọ́n rí. Èkejì ni egungun ṣóṣó tí ẹ́síréè máa ń fi hàn lábẹ́ gìgísẹ̀. Ẹni tó ní in tí kò mọ ìrora kankan pọ̀ nígboro, ẹni tí gìgísẹ̀ ń dùn tí kò sì ní in náà pọ̀. Tí wọ́n bá tìtorí ṣóṣó yẹn nìkan sọ pé kí ẹ wá ṣiṣẹ́ abẹ, ẹ lọ gbọ́ ti dókítà mìíràn. Síkáànù, irú èyí tí wọ́n fi ń wo aboyún, ló ń fi ọ̀já náà fúnra rẹ̀ hàn dáadáa: bí ìdí rẹ̀ bá nípọn ju mìlímítà 4 lọ, tí ibẹ̀ sì ń dùn, ọ̀rọ̀ ti yé.

Ó wọ́pọ̀ jù láàárín ọmọ ogójì ọdún sí ọgọ́ta, lára ẹni tó sanra, ẹni tí ẹran ẹ̀yìn ojúgun rẹ̀ le, ẹni tó ń dúró pẹ́ lórí sìmẹ́ǹtì tàbí táìsì: olùkọ́, nọ́ọ̀sì, máígádì, ìyá tó ń dín àkàrà látàárọ̀ ṣúlẹ̀, ọmọ Yorùbá tó ń ṣe iṣẹ́ ìtọ́jú arúgbó fún wákàtí méjìlá ní Ìlú Ọba. Ó tún máa ń mú ẹni tó ṣẹ̀ṣẹ̀ bẹ̀rẹ̀ sí í sáré láàárọ̀ láìjẹ́ kí ẹsẹ̀ mọ̀ ọ́n lára.

## Ṣé òun ni, àbí ohun mìíràn?

Ẹ jókòó, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn lé itan kejì. Ẹ fi ọwọ́ kan fa àtàǹpàkò ẹsẹ̀ sókè sọ́nà ojúgun títí tí ẹ ó fi rí i tí ọ̀já náà le lábẹ́ ẹsẹ̀. Ẹ wá fi àtàǹpàkò ọwọ́ kejì tẹ iwájú gìgísẹ̀ lápá inú, níbi tí ẹran rírọ̀ àtẹ́lẹsẹ̀ ti pàdé egungun. Bó bá jẹ́ ibẹ̀ gan-an ló ta yín, tí ìrora ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ sì wà, ẹ lè máa ka ìwé yìí lọ.

Bó bá jẹ́ pé àárín gìgísẹ̀ ló ń dùn, tí kò le láàárọ̀ àmọ́ tó ń le sí i bí ẹ bá ṣe ń rìn lórí ilẹ̀ líle tó, ọ̀rá tó ń tìmùtìmù sí abẹ́ gìgísẹ̀ ló ti tín-ín-rín. Àgbàlagbà ni èyí sábà máa ń ṣe, àti ẹni tó ti gba abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ìdì (oògùn líle tó ń mú wíwú àti ìrora rọlẹ̀) síbẹ̀ lọ́pọ̀ ìgbà. Nínà kò ṣe é ní nǹkan kan. Rọ́bà rírọ̀ inú bàtà ló nílò.

Ẹ fi àtẹ́lẹwọ́ méjèèjì fún gìgísẹ̀ láti ẹ̀gbẹ́ sí ẹ̀gbẹ́. Bí ìyẹn bá ń dùn gan-an, pàápàá tó bá bẹ̀rẹ̀ lẹ́yìn ìrìn gígùn tàbí eré sísá tí kò mọ́ yín lára, ó lè jẹ́ pé egungun ti sán. Ẹ dín ìrìn kù kí ẹ lọ rí dókítà. Ẹ má sì jẹ́ kí ẹ́síréè tí wọ́n yà ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́ tàn yín, torí egungun tó sán lè má tíì hàn nínú rẹ̀.

Bó bá ń jó yín tàbí tó ń ṣe yín wìnnìwìnnì, tó sì ń kú tipiri lọ dé ìka, iṣan ìmọ̀lára ni kí ẹ fura sí, yálà níbi ọrùn ẹsẹ̀ tàbí láti ìbàdí. Bó bá jẹ́ gìgísẹ̀ méjèèjì ló ń dùn ẹni tí kò tíì pé ogójì ọdún, tí ẹ̀yìn rẹ̀ sì máa ń le láàárọ̀ fún ju ọgbọ̀n ìṣẹ́jú lọ, àyẹ̀wò ẹ̀jẹ̀ ló kàn, kì í ṣe bàtà. Ọmọdé tó ń gbá bọ́ọ̀lù, láti ọmọ ọdún mẹ́jọ sí mẹ́rìnlá, tí ẹ̀yìn gìgísẹ̀ ń dùn, ibi tí egungun ti ń dàgbà ló ń fà á; ìsinmi àti bàtà tó ga díẹ̀ lẹ́yìn máa ń tó fún un. Àmọ́ bí ọmọ tó ní ẹ̀jẹ̀ SS bá ní ibà, tí gìgísẹ̀ rẹ̀ sì wú tó gbóná, ilé ìwòsàn lọ́jọ́ yẹn náà ni o, torí kòkòrò lè ti wọ inú egungun.

## Nínà tàbí fífún ní agbára

Ibí ni ọ̀rọ̀ wà, torí náà a ó pẹ́ díẹ̀ níbẹ̀. Owó kékeré ni méjèèjì ń gbà, ohun tí wọ́n ń ṣe sì yàtọ̀.

Nínà ọ̀já fúnra rẹ̀ ló ń ran àárọ̀ lọ́wọ́. Ẹ jókòó sórí bẹ́ẹ̀dì kí ẹsẹ̀ tó kan ilẹ̀. Ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn lé orúnkún kejì, ẹ fi ọwọ́ di gbogbo ọmọ ìka mú níbi ìdí wọn, ẹ fà wọ́n sọ́nà ojúgun, kí ọrùn ẹsẹ̀ náà tẹ̀ lé e. Ẹ dúró bẹ́ẹ̀ fún ìṣẹ́jú-àáyá 10, ẹ tú u sílẹ̀, ẹ tún ṣe, títí yóò fi pé ìgbà mẹ́wàá. Lẹ́ẹ̀mẹta lójúmọ́. Ìwádìí Benedict DiGiovanni àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Amẹ́ríkà ní 2003 fi èyí wé nínà ẹran ẹ̀yìn ojúgun nìkan. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́jọ, àwọn tó na ọ̀já náà fúnra rẹ̀ ló rí ìrọ̀rùn jù.

Ohun tó sábà ń ba iṣẹ́ jẹ́ níbẹ̀ ni pé èèyàn á kọ́kọ́ lọ tọ̀, á dé, á wá rántí pé òun fẹ́ na ẹsẹ̀. Ìṣísẹ̀ tó ń dunni yẹn ti kọjá lọ. Àṣìṣe kejì ni kí a fa ìka nìkan, kí ọrùn ẹsẹ̀ ṣì nà sísàlẹ̀. Bẹ́ẹ̀ kì í jẹ́ kó fà dé ìdí gìgísẹ̀. Ẹ fi ọwọ́ kejì yẹ àtẹ́lẹsẹ̀ wò: bí ọ̀já náà kò bá le lábẹ́ ọwọ́, ẹ ò tíì fà á. Ẹni tó ń jókòó sórí gìgísẹ̀ nígbà ìrun, tí ìka ẹsẹ̀ ọ̀tún rẹ̀ ṣẹ́ sílẹ̀, ti ń na ọ̀já yìí láìmọ̀. Bó bá wá ń ta á gidi, kó gbé ìwọ̀n ara sí apá òsì díẹ̀.

Ẹran ẹ̀yìn ojúgun náà gbọ́dọ̀ nà, torí bó bá le, ọrùn ẹsẹ̀ kò ní ṣẹ́ tó nígbà tí a bá ń rìn, ọ̀já abẹ́ ẹsẹ̀ ni yóò sì san gbèsè náà. Ẹ fi ọwọ́ méjèèjì ti ògiri, ẹ gbé ẹsẹ̀ tó ń dùn sẹ́yìn, kí ìka rẹ̀ kọjú síwájú gan-an, kí gìgísẹ̀ má gbéra nílẹ̀. Ẹ tẹ orúnkún iwájú. Ìṣẹ́jú-àáyá 30, lẹ́ẹ̀mẹta, pẹ̀lú orúnkún ẹ̀yìn ní nínà. Lẹ́yìn náà ẹ tún un ṣe pẹ̀lú orúnkún ẹ̀yìn tó tẹ̀ díẹ̀, torí ẹran méjì ló wà níbẹ̀, ọ̀kan kì í nà bí orúnkún ò bá tẹ̀.

Fífún ní agbára yàtọ̀ sí èyí pátápátá. Michael Rathleff àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ní Dẹ́ńmáàkì ló dán an wò, wọ́n sì gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2014. Ẹ ká táwẹ̀lì kékeré rígiríji, ẹ gbé e sí ẹnu àtẹ̀gùn, ẹ fi ọmọ ìka ẹsẹ̀ tẹ̀ ẹ́ kí wọ́n ṣẹ́ sókè, kí gìgísẹ̀ wà lẹ́yìn lófìfo. Ẹ di ògiri tàbí irin àtẹ̀gùn mú. Ẹ fi ẹsẹ̀ tó ń dùn nìkan gbé ara sókè fún ìṣẹ́jú-àáyá 3, ẹ dúró lókè fún 2, ẹ sọ̀ kalẹ̀ fún 3. Ọ̀sẹ̀ méjì àkọ́kọ́: ìgbà 12, ọ̀nà mẹ́ta (ẹ ṣe ìgbà 12, ẹ sinmi díẹ̀, ẹ tún ṣe, títí yóò fi pé ẹ̀ẹ̀mẹta), kí ìwọ̀n ẹrù tẹ́ ẹ gbé jẹ́ èyí tí ẹ ò ní lè ṣe ìkẹtàlá pẹ̀lú rẹ̀. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ méjì: ìgbà 10, ọ̀nà mẹ́rin, ẹrù tó wúwo sí i. Lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ mẹ́rin: ìgbà 8, ọ̀nà márùn-ún. Ọjọ́ kan sí ọjọ́ kejì ni, kì í ṣe ojoojúmọ́, torí ọjọ́ ìsinmi ni fọ́nrán ń tún ara rẹ̀ ṣe.

Báàgì ìwé ọmọ iléèwé ló dára jù fún ẹrù. Ọ̀rá píọ̀wọ́tà kan tó gba sẹ̀ǹtílítà 50 wọ̀n tó ìdajì kílò, nítorí náà mẹ́wàá jẹ́ kílò márùn-ún. Ẹni tó sanra tàbí tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kò lágbára, ẹsẹ̀ méjèèjì ni kó fi bẹ̀rẹ̀, láìgbé ẹrù kankan.

Ìrora díẹ̀ nígbà tí ẹ bá ń ṣe é kò burú. Ìwọ̀n tí a máa ń lò ni pé kó má kọjá 4, bí 10 bá jẹ́ ìrora tó le jù lọ. Àárọ̀ ọjọ́ kejì ni onídàájọ́: bí ìṣísẹ̀ àkọ́kọ́ bá le ju ti àná lọ, ẹ dín ẹrù kù, ẹ má fi eré náà sílẹ̀. Táwẹ̀lì yẹn náà ni kókó. Bí ẹ bá gbé e kúrò, ẹran ẹ̀yìn ojúgun lẹ ń kọ́, ọ̀já abẹ́ ẹsẹ̀ kò ní fi bẹ́ẹ̀ rí tirẹ̀ gbà.

Nínú ìwádìí Dẹ́ńmáàkì yẹn, lẹ́yìn oṣù mẹ́ta, àwọn tó gbé ẹrù sàn ju àwọn tó na ẹsẹ̀ lọ. Nígbà tó pé ọdún kan, wọ́n bára dọ́gba. Ohun tí fífún ní agbára ń fún yín nígbà náà ni àkókò. Ẹni tó ti ń jẹ̀rora fún oṣù mélòó kan kò ní ka oṣù tó jèrè sí nǹkan kékeré.

Tí ẹ bá bi wá, bí ìrora bá ṣì jẹ́ ọ̀sẹ̀ díẹ̀, ẹ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú nínà fún ọ̀sẹ̀ méjì, kí ẹ tó fi agbára kún un. Bó bá ti ju oṣù mẹ́ta lọ, ẹ má lo nínà nìkan mọ́.

## Bàtà

Ìwà wa nílé ni pé a ń bọ́ bàtà sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà. Ó dára fún ilẹ̀ mímọ́, àmọ́ táìsì ló burú jù fún gìgísẹ̀ yìí. Ẹ ya bàtà kan sọ́tọ̀ tí kò ní jáde síta, kí ó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ bẹ́ẹ̀dì, kí ẹsẹ̀ wọ inú rẹ̀ láàárọ̀ kó tó kan ilẹ̀.

| Ohun tí ẹsẹ̀ wọ̀ | Ohun tó ń ṣe | Ohun tí a rò |
|---|---|---|
| Ẹsẹ̀ lásán lórí táìsì | Kò sí ohun tó rọ̀ lábẹ́ ẹsẹ̀, ibi tó rì ń tẹ́ | Ẹ yẹra fún un títí ìrora yóò fi lọ |
| Sílípáàsì rọ́bà pẹlẹbẹ | Ó ń ṣẹ́ láàárín, ìka ń gbá a mú kó má bọ́ | Fún ilé ìwẹ̀ nìkan |
| Sáńdáàlì tó ní okùn lẹ́yìn, tó ga díẹ̀ ní gìgísẹ̀ | Ó di ẹsẹ̀ mú, ó dín fífà ọ̀já kù | Ó dára fún ilé àti ọjà |
| Kánfáàsì ìsáré | Ẹ̀yìn rẹ̀ le, ó rọ̀ lábẹ́ | Òun ló dára jù fún iṣẹ́ ìdúró |
| Bàtà gogoro tó ju sẹ̀ǹtímítà 5 lọ | Ó ń tú ọ̀já sílẹ̀, àmọ́ ó ń sún ẹran ojúgun kì | Òde kan, kì í ṣe gbogbo ọjọ́ |

Bí ẹ bá ń ra bàtà, pàápàá òkìrìkà, ẹ di gìgísẹ̀ rẹ̀ àti imú rẹ̀ mú kí ẹ ká a. Níbi ìdí ìka ló yẹ kó ti ṣẹ́. Bó bá ká láàárín bí ìwé, ẹ dá a padà. Ẹ tẹ ẹ̀yìn rẹ̀ tó bo gìgísẹ̀. Kó má tẹ̀ wọlé. Ẹ wá yí ìsàlẹ̀ rẹ̀ wò: bí gìgísẹ̀ bá ti jẹ sí ẹ̀gbẹ́ kan, ẹsẹ̀ olówó rẹ̀ àtijọ́ ni yóò máa tọ́ ti yín. Fóòmù inú bàtà náà máa ń kú láìjẹ́ pé ojú rẹ̀ yí padà. Ẹ fi àtàǹpàkò tẹ ẹ̀gbẹ́ rẹ̀: bó bá le gbagidi tí kò wọlé rárá, ẹ̀mí ti bọ́ lára rẹ̀, bó ti wù kó mọ́ tó.

Ohun tí wọ́n ń tẹ́ sínú bàtà jẹ́ oríṣi mẹ́ta. Rọ́bà gẹ́ẹ̀lì ti gìgísẹ̀ nìkan ló rọrùn jù, ó dára fún ọ̀rá tó tín-ín-rín ju fún ọ̀já lọ. Èyí tó ní òkè kékeré láàárín láti gbé ibi tó rì ró, tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ nílé oògùn àti ilé ìtajà eré ìdárayá, ló kàn. Ẹ̀kẹta ni èyí tí wọ́n ń wọ̀n ẹsẹ̀ ẹni ṣe, tó máa ń wọ́n gan-an. Karl Landorf àti àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ fi èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀ wé èyí tí wọ́n wọ̀n ní Ọsirélíà, wọ́n gbé èsì rẹ̀ jáde ní 2006. Àwọn méjèèjì ran ẹsẹ̀ lọ́wọ́ díẹ̀ lóṣù mẹ́ta. Nígbà tó pé ọdún kan, kò sí ìyàtọ̀ tó ṣe gbòógì láàárín wọn àti èyí tí kò gbé nǹkan kan ró. Ẹ ra èyí tí wọ́n ti ṣe sílẹ̀, ẹ tẹ́ ẹ sínú bàtà méjèèjì bí ẹsẹ̀ kan tilẹ̀ ló ń dùn, kí ìbàdí má bàa gbé ní ẹ̀gbẹ́ kan. Ẹ wọ̀ ọ́ fún wákàtí kan lọ́jọ́ àkọ́kọ́ kí ẹ máa fi wákàtí kún un díẹ̀díẹ̀. Ẹni tí ẹsẹ̀ rẹ̀ kan gùn ju ìkejì lọ, tàbí tí àtọ̀gbẹ ti yí egungun ẹsẹ̀ rẹ̀ padà, ni kó ná owó sórí èyí tí wọ́n wọ̀n. Ilé ìwòsàn egungun ti ìjọba ní Ìgbóbì, l'Ékòó, ní ẹ̀ka tó ń ṣe irú nǹkan bẹ́ẹ̀.

## Yìnyín, omi gbígbóná, téèpù

Yìnyín ń mú ìrora kú díẹ̀ ní ìrọ̀lẹ́, kò ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ẹ fi ike omi sẹ̀ǹtílítà 50 sínú fíríjì kó dì, ẹ wọ ìbọ̀sẹ̀, ẹ máa yí i lábẹ́ ẹsẹ̀ fún ìṣẹ́jú 10. Omi gbígbóná oníyọ̀ ń tú ẹran ojúgun, ó wúlò kí ẹ tó na ẹsẹ̀, àmọ́ kò dé ibi ọ̀já náà. Alátọ̀gbẹ tí ẹsẹ̀ rẹ̀ ti kú kò gbọ́dọ̀ lo ọ̀kankan nínú méjèèjì: ẹsẹ̀ á bó kó tó mọ̀. Gbẹ́rẹ́ sí àtẹ́lẹsẹ̀ nìkan ni a ó kọ̀ pátápátá fún gbogbo èèyàn, nítorí ilẹ̀ lẹ fi ń tẹ ojú ọgbẹ́ náà.

Téèpù líle aláìnà, kì í ṣe pílásítà, tí onífisiotẹ́rápì (ẹni tó ń fi eré ìdárayá àti ìfọwọ́ra tọ́jú aláìsàn) mọ bó ṣe ń lẹ̀ ẹ́ mọ́ abẹ́ ẹsẹ̀, máa ń dín ìrora kù fún ọ̀sẹ̀ kan. Ẹ lò ó bí ẹ bá ní ìnáwó tàbí ìrìnàjò tí kò ṣeé yẹ̀. Bàtà alẹ́ tó ń di ọrùn ẹsẹ̀ mú ní igun dígírì 90, bí ìgbà téèyàn dúró, lójú oorun wúlò fún ẹni tí ìrora àárọ̀ rẹ̀ le ju ti gbogbo ọjọ́ lọ. Ooru rẹ̀ ló ń lé ọ̀pọ̀ èèyàn kúrò nínú rẹ̀. Ẹni tí kò lè fara dà á, kó yé dojú bolẹ̀ sùn, tàbí kó jẹ́ kí ẹsẹ̀ yọ kọjá ẹnu bẹ́ẹ̀dì.

## Oògùn, abẹ́rẹ́, ẹ̀rọ

Ibuprofen tàbí diclofenac lè jẹ́ kí ẹ rí ara ṣe eré ìdárayá ní ọ̀sẹ̀ àkọ́kọ́. Ibuprofen 400 mg, lẹ́yìn oúnjẹ, kó má kọjá ẹ̀ẹ̀mẹta lójúmọ́, kó má sì kọjá ọ̀sẹ̀ kan láìrí dókítà. Ọlọ́gbẹ́ inú, ẹni tí kíndìnrín rẹ̀ kò dá ṣáká, ẹni tó ń lo oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru àti aboyún kò gbọ́dọ̀ rà á fúnra wọn ní kẹ́míìsì. Parasitámọ́ọ̀lù ni kí wọ́n bi dókítà nípa rẹ̀, tàbí kí wọ́n kàn fi eré ìdárayá ṣe é. Ẹ má sì da méjì irú wọn pọ̀. Àdàpọ̀ oògùn oríṣiríṣi tí wọ́n ń dì sínú ọ̀rá kékeré tà ní gáréèjì léwu gan-an nítorí èyí.

Abẹ́rẹ́ sitẹ́rọ́ìdì ló yára jù nínú gbogbo ohun tí a ti kà. Ìrora lè dín kù láàárín ọjọ́ mélòó kan. Ìṣòro rẹ̀ ni pé ó sábà máa ń padà lẹ́yìn ọ̀sẹ̀ díẹ̀ sí oṣù mélòó kan, nítorí ọ̀já náà kò lágbára ju ti tẹ́lẹ̀ lọ. Ó lè mú ọ̀rá gìgísẹ̀ tín-ín-rín, ó sì lè jẹ́ kí ọ̀já já. Ẹni tí ọ̀já rẹ̀ já máa ń gbọ́ "pọ̀ọ́", ẹsẹ̀ á wú, á sì dúdú lábẹ́. Ṣúgà alátọ̀gbẹ á gòkè fún ọjọ́ mélòó kan lẹ́yìn rẹ̀. A ò ní kí ẹ má gbà á. Ẹ gbà á bó bá jẹ́ pé ìrora ni kò jẹ́ kí ẹ lè ṣe eré ìdárayá, kí ẹni tó ń fún yín fi síkáànù wo ibi tí abẹ́rẹ́ ń lọ, kí ẹ sì yẹra fún eré sísá àti fífò fún ọ̀sẹ̀ méjì. Ẹni tó ń gbà á léraléra, tí kò na ẹsẹ̀ rí, ń ra ìrora ẹ̀yìn ọ̀la.

Ẹ̀rọ tó ń fi ìgbì agbára lu gìgísẹ̀ (shockwave) ni a ó yàn ṣáájú abẹ́rẹ́ kejì, fún ẹni tí ìrora rẹ̀ ti ju oṣù mẹ́fà lọ. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni wọ́n sábà ń ṣe é, ọ̀sẹ̀ kọ̀ọ̀kan sí ara wọn. Ó ń dun èèyàn bó ṣe ń lọ, èsì rẹ̀ sì lè tó ọ̀sẹ̀ méjìlá kó tó hàn, nítorí náà ẹ má fi ọ̀sẹ̀ kejì dá a lẹ́jọ́. Aboyún àti ẹni tó ń lo oògùn tí kì í jẹ́ kí ẹ̀jẹ̀ dì kò gbọ́dọ̀ ṣe é. Kò sí káàkiri ní Nàìjíríà. Ẹ bèèrè ní ẹ̀ka fisiotẹ́rápì ilé ìwòsàn ńlá bíi UCH n'Íbàdàn tàbí LUTH l'Ékòó. Ní ọ̀pọ̀ apá England, ẹ lè forúkọ sílẹ̀ fún fisiotẹ́rápì NHS (ètò ìlera ìjọba ibẹ̀) fúnra yín láìkọ́kọ́ rí dókítà.

Ẹ̀jẹ̀ ara ẹni tí wọ́n fi ẹ̀rọ yí kí wọ́n tó gún un padà sí gìgísẹ̀ wọ́n, àwọn ìwádìí rẹ̀ kò sì fohùn ṣọ̀kan. Iṣẹ́ abẹ wà fún ìwọ̀nba èèyàn tí gbogbo èyí kò ràn lọ́wọ́ láàárín oṣù mẹ́fà sí ọdún kan. Gígé ọ̀já náà lè jẹ́ kí àtẹ́lẹsẹ̀ tẹ́.

## Bí a bá ní kí a yàn fún yín

Olùkọ́ tàbí ìyá ọlọ́jà tó ń dúró láti àárọ̀: kánfáàsì tó dára ni owó àkọ́kọ́, àpótí kékeré tí yóò máa gbé ẹsẹ̀ kan lé nídìí ọjà ni ìkejì, nínà àárọ̀ ni ìkẹta. Fún un, táwẹ̀lì àti àtẹ̀gùn lè dúró di ọ̀sẹ̀ kẹta.

Ẹni tó ń sáré: kó má dáwọ́ eré dúró pátápátá. Kó gé ìwọ̀n tó ń sá sí ìdajì, kó yẹra fún òkè, kó sì bẹ̀rẹ̀ fífún ní agbára láti ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ẹni tó sanra: kílò díẹ̀ tó bá kúrò lára máa ń hàn lábẹ́ ẹsẹ̀, àmọ́ ẹ má fi ìrìn gígùn wá a ní oṣù yìí. Kẹ̀kẹ́ tí kò kúrò lójú kan, omi lílúwẹ̀ẹ́, tàbí dídín iyán àti ẹ̀bà kù ló yẹ gìgísẹ̀ tó ń dùn.

Aboyún: bàtà, nínà àti yìnyín, kò sí abẹ́rẹ́, kò sí ẹ̀rọ. Ó sábà máa ń rọlẹ̀ lẹ́yìn ìbímọ. Alátọ̀gbẹ: kó kọ́kọ́ fi dígí yẹ abẹ́ ẹsẹ̀ wò bóyá ìṣó tàbí ọgbẹ́ ló wà níbẹ̀ tí kò mọ̀, kó tó gbà pé ọ̀já ni.

Ẹ ka iye ìṣísẹ̀ tó ń dùn láàárọ̀, ẹ kọ ọ́ sí ẹ̀yìn kàlẹ́ńdà lẹ́ẹ̀kan lọ́sẹ̀. Ìrora ọjọ́ kan ń gòkè, ó ń sọ̀ kalẹ̀, kò ṣeé gbẹ́kẹ̀ lé. Ìṣirò ọ̀sẹ̀ sí ọ̀sẹ̀ ló ń sọ òtítọ́. Bó bá ti pé ọ̀sẹ̀ méjìlá tí iye náà kò dín, ẹ gbé kàlẹ́ńdà náà lọ sọ́dọ̀ onífisiotẹ́rápì kó tún yẹ ẹsẹ̀ wò látìbẹ̀rẹ̀. Bó bá sì ti di òdo fún oṣù kan, ẹ dín gbígbé ẹrù lórí àtẹ̀gùn kù sí ẹ̀ẹ̀mejì lọ́sẹ̀, kí ẹ máa ṣe é lọ fún oṣù mẹ́ta sí i.